Bí Òkété Bá Dàgbà: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn Àgbà Tí Iyè Wọn Ń Ra, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kù Kí A Kọ́

Ọdọọdún ni ìwé yìí máa ń gbé ìtàn ìlú wa àti ìtàn àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ jáde. Lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mìíràn, èyíinì ni ìtàn bí àwa Yorùbá àti àwọn tí a ń bá gbé ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ bá ń ra. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún ọmọ bí yóò ṣe fún òbí lọ́mú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìfẹ́ wà láàárín wa, àánú sì wà, àmọ́ ẹ̀kọ́ kò tó, yálà nínú ẹbí tàbí lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìlera.

Bàbá aláṣọ Camp Johnson Road

Kò sí ẹni tí ó gbé Monrovia tí kò mọ Camp Johnson Road. Àárín ìgboro ni. Kò jìnnà sí Capitol Hill, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba wà, kò sì jìnnà sí Barclay Training Center, bárékè àwọn sójà tí ó wà lẹ́bàá òkun. Ní òpópónà yìí ni bàbá kan láti ìhà Ọ̀ṣun ti ta àǹkárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Bàbá kì í kọ gbèsè sínú ìwé. Orí ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ sí: iye yáàdì tí obìnrin kan gbà, iye tí ó san, iye tí ó kù, àti ọjọ́ tí ó dá. Kì í ṣì í rárá. Nígbà tí àríyànjiyàn owó bá dé láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ Bàbá ni a ń lọ.

Nígbà tí ó yá, nǹkan yí padà. Obìnrin kan san owó fún un ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá tún wá béèrè owó kan náà. Obìnrin náà búra, Bàbá náà búra. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹjọ́ dé ìpàdé ẹgbẹ́. A bá Bàbá wí níwájú àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé owó ti sọ ọ́ di olójúkòkòrò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì mi orí sí i.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàbá jáde nílé ní ìdájí, ó ní òun ń lọ sí Gbági. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìbàdàn ni Gbági wà. Ọlọ́kadà kan, àwọn tí ará ibí ń pè ní pẹ́ńpẹ́ń, ni ó rí i nítòsí bárékè, níbi tí àwọn sójà ti ń pariwo mọ́ ọn pé kí ó dúró, tí òun náà sì ń dá wọn lóhùn ní Yorùbá. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì pè é ní Ol' Pa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì Liberia pé ọdún wo ni a wà, ta sì ni ààrẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó súre fún un ní Yorùbá. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọ́ràn dáadáa, ó fún un ní oògùn ibà, ó ní kí a máa mú un lọ sílé. Kò hùwà búburú sí wa. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ni kò mọ̀. Àwa tí a mú Bàbá lọ náà kò mọ ohun tí ó yẹ kí a sọ fún un.

Kí ni à ń pè ní arán?

Àìsàn yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. A ti ní orúkọ fún un kí àwọn òyìnbó tó dé. A máa ń sọ pé arúgbó kan ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti ra. Dimẹ́ńṣíà ni àwọn dókítà ń pè é. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ arán ní ewu kan nínú: ó ń jẹ́ kí a rò pé gbogbo ẹni tí ó bá ti dàgbà ni yóò ṣe é, bí gbogbo orí ṣe ń hu ewú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ń lé ní ọgọ́rin ọdún tí iyè wọn ṣì mú bí abẹ.

Ní ọdún 1901, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, rí obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt. Auguste Deter ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 51 péré ni, ṣùgbọ́n kò lè rántí nǹkan, ìlara ọkọ rẹ̀ gbà á lọ́kàn, kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé ìdọ̀tí kan ti dì sínú rẹ̀, àwọn okùn tín-ín-tín inú rẹ̀ sì ti lọ́ pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó sọ ohun tí ó rí fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen. Ní ọdún 1910, Emil Kraepelin fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà. Òun ni irú dimẹ́ńṣíà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Irú mìíràn ń wá láti inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́, pàápàá lára ẹni tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti kọlù tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ojúkòkòrò. Àrùn inú ọpọlọ ni. Títí di òní, kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn pátápátá. Ìtọ́jú ni ó wà, ìtọ́jú náà sì gba ìmọ̀.

Láti Yaba dé Aro

Kí á padà sílé láti wo bí ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó ṣí ilé fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Yaba ní ọdún 1907, ibi ìtìmọ́lé ni, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Wọ́n tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n má baà máa rìn kiri ìgboro ni. Ní ọdún 1944, wọ́n ṣí òmíràn ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé alárùn ọpọlọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹbí kò ní ipa kankan. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, ó di ti ìjọba.

Ní ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dé láti ìlú òyìnbó, ó sì gba àkóso ilé ìwòsàn Aro. Kàkà kí ó dúró títí ilé yóò fi parí, ó tọ àwọn abúlé tí ó wà nítòsí lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Òfin kan wà tí kò gbà kí a fi ṣeré: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ó kéré tán ẹbí kan gbọdọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí ó sì mú un padà lọ́sàn-án. Dókítà ń tọ́jú, ẹbí náà ń tọ́jú.

Gbogbo ayé wá wo Aro. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ṣe ìpàdé ńlá ní Abẹ́òkúta. Lambo fúnra rẹ̀ di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 títí di 1988. Ọdún 2004 ni ó di olóògbé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú sí ohun kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé Lambo fi hàn pé ẹbí Yorùbá mọ ìtọ́jú ju ilé ìwòsàn lọ. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí Aro fi hàn ni pé ẹbí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, tí ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ó sì ń béèrè ìbéèrè, yóò kọ́ iṣẹ́. Ẹbí tí kò rí olùkọ́ yóò kàn máa tiraka nínú òkùnkùn ni.

Ìdíkàn, ọdún 1992

Aro kò dá lé ọ̀rọ̀ arúgbó ní pàtàkì. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ arán láàárín Yorùbá dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé kan dé òmíràn ní àdúgbò Ìdíkàn. Àgbà 2,494 tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ní Indianapolis, 2,212 ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ ọdún tí a bí wọn, nítorí náà ìtàn ni wọ́n fi wá ọjọ́ orí. Wọ́n lo àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ilẹ̀ Yorùbá tí Ajayi àti Igun ti ṣe ní ọdún 1963. Bí Ìyá bá sọ pé òun ti lè gbé omi lórí nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀, wọn á ṣírò rẹ̀ láti ibẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún ìbéèrè ṣe ní Yorùbá tí ẹni tí kò lọ ilé ìwé yóò gbọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń dán wò dípò iyè. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn kò dá àgbà nìkan bi í léèrè. Wọ́n tún bi ẹnì kan nínú ẹbí: ǹjẹ́ Bàbá ṣì ń ṣe ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń ṣìnà? Ǹjẹ́ ìwà rẹ̀ yí padà?

Ní ọdún 1995, èsì jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìbàdàn, 2.29 ni ó ní dimẹ́ńṣíà. Láàárín àwọn tí ń gbé ilé ara wọn ní Indianapolis, 4.82 ni. Ní ọdún 2001, wọ́n tún fi hàn pé àwọn tí Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Ọṣuntókun kò rí èsì ìkẹyìn yìí, nítorí ó ti kú ní ọdún 1995.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní àrùn yìí kò sí láàárín Yorùbá. Àṣìgbọ́ ni. Ó kéré ju ti Indianapolis lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn kan náà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí ó túbọ̀ wọ́pọ̀ láàárín àgbà Yorùbá. Ta ni kò mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu láàárín wa?

Ohun kan wà tí wọ́n rí ní Ìbàdàn tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ìyá kò se oúnjẹ mọ́, aya ọmọ rẹ̀ ni ó ń sè é. Bàbá kò ra ọjà mọ́, ọmọ ni ó ń rà á. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé Ìyá kò lè se oúnjẹ mọ́ tàbí pé Bàbá kò lè ka owó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ní láti wá ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n máa lọ wo àgbà nínú ilé rẹ̀ fúnra wọn. Bàbá aláṣọ tiwa ṣì ń tajà ní tirẹ̀, ìdí sì nìyí tí àìsàn rẹ̀ fi hàn síta. Ó hàn, àmọ́ olè ni a pè é.

Monrovia lẹ́yìn ogun

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ibi tí a ń gbé. Ilé ìwòsàn Catherine Mills ni Liberia ní fún àwọn alárùn ọpọlọ kí ogun tó dé. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, ìjà gbóná ní àyíká Barclay Training Center, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Camp Johnson Road nígbà náà kò sì lè gbàgbé. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Accra ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni ó fi òpin sí i. Ogun ti run Catherine Mills. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tí ìkànìyàn ọdún 2008 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibí ti tó bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. E. S. Grant ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gba alárùn ọpọlọ sí.

Ìjọba Liberia rí i pé dídúró de dókítà kò lè tó. Ní ọdún 2010, Ilé Iṣẹ́ Ìlera àti Carter Center ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti igbákejì dókítà ní ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Bí Ebola tilẹ̀ jà ní ọdún 2014 sí 2015, iṣẹ́ náà kò dúró. Ó ti lé ní 300 oníṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́. Ní ọdún 2017, òfin nípa ìlera ọpọlọ jáde. Èyí fi hàn pé a lè kọ́ nọ́ọ̀sì lásán kí ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2010 fún irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orí kan lórí dimẹ́ńṣíà. Àmọ́ ní ìlú tí ogun ti kọjá, ọ̀rọ̀ ìpayà ogun, wárápá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn olóró ni ó gba gbogbo ojú. Arúgbó ni ó máa ń wà lẹ́yìn.

Ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, Rosalynn Carter, ni ó dá ẹ̀ka ìlera ọpọlọ Carter Center sílẹ̀. Láti ọdún 1987 ni ó tún ti ní ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tí ń tọ́jú ẹbí wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ẹbí rẹ̀ kéde pé òun fúnra rẹ̀ ní dimẹ́ńṣíà. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni ó kú, ẹni ọdún 96. Kò sí ilé tí àrùn yìí kò lè wọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí oníṣẹ́ ìlera kọ́

Èkíní, èdè. Nígbà tí iyè bá ń ra, èdè tí a kọ́ gbẹ̀yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sá. Bàbá tí ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì Liberia tajà fún ogójì ọdún lè jí ní ọjọ́ kan kí ó má sọ nǹkan mìíràn ju Yorùbá. Kí nọ́ọ̀sì má ṣe kọ pé kò gbọ́ràn. Kí ó béèrè ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀.

Èkejì, ìdánwò tí kò nílò ìwé. Ó ti wà. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Hai ní Tanzania àti ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn ṣe ìdánwò kúkurú kan tí nọ́ọ̀sì lè lò fún ẹni tí kò mọ̀wé. Nínú rẹ̀, wọn kò ní kí àgbà ya àwòrán. Igi ìṣáná ni wọ́n tò síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kí ó to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ìyàtọ̀. Dimẹ́ńṣíà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù àti ọdún. Bí iyè àgbà bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè jẹ́ ibà, àrùn ilé ìtọ̀, àìtó omi lára, tàbí oògùn tí ó lò ni ó fà á. Èyí ṣe é wò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nílé.

Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ̀ pé ohun tí ó pẹ́ lọ́kàn ni ó ń gbẹ̀yìn. Níbí, ogun ni ó pẹ́ lọ́kàn ọ̀pọ̀ àgbà. Bí táyà bá bẹ́ lójú títì tí Ìyá sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lè jẹ́ pé ọdún 1990 ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Oníṣẹ́ ìlera gbọdọ̀ bi ẹbí léèrè ìtàn àgbà kí ó tó pè é ní wèrè.

Ohun tí ó yẹ kí àwa ẹbí kọ́

Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Bí Bàbá bá ní òun ń lọ sí Gbági, má wulẹ̀ sọ fún un pé iyè rẹ̀ ti ra. Béèrè ohun tí ó fẹ́ rà ní Gbági, bá a jókòó, kí o sì fún un ní omi. Ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀. Ẹ má ṣe bi í ní “Ṣé o mọ̀ mí?” níwájú àlejò. Ẹ sọ orúkọ yín fún un kí ó má baà tijú.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ ní ètò: oúnjẹ ní àkókò kan, ìwẹ̀ ní àkókò kan, ìrìn díẹ̀ ní àkókò kan. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ó mọ̀. Ẹni tí ó ta aṣọ yóò lè ká aṣọ. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ àti kẹrosíìnì kúrò nítòsí. Ẹ má ṣe tì í mọ́lé tàbí dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti nà án pé àjẹ́ ni.

Kí á tún sọ ti ẹni tí ń tọ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin kan ṣoṣo ni: ọmọ obìnrin tàbí aya ọmọ. Kì í sùn lóru, ọjà rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Nílé, àwọn àǹtí, àbúrò àti aládùúgbò yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, wọn kò sí. Òfin ECOWAS ọdún 1979 fún wa láyè láti wá gbé ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò lè kó agbo ilé bá wa wá. Ẹ̀gbọ́n tí ì bá gbà á fún ọjọ́ kan wà ní Ìwó tàbí Ìkirè, ọ̀nà sì gba Abidjan, Accra, Lomé àti Cotonou kọjá. Ẹgbẹ́ ni ẹbí wa níbí.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú dá àgbà padà sílé. Ó lè dára nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹ rántí pé ilé tí Bàbá ń béèrè lè má sí mọ́. Ẹni tí ó ń ṣìnà ní Camp Johnson Road tí ó ti mọ̀ fún ogójì ọdún yóò túbọ̀ ṣìnà níbi tí kò tíì dé láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan, kí ẹbí bá a lọ, kí ẹni tí yóò gbà á ti gbọ́ gbogbo àlàyé ṣáájú. Kí a má ṣe fi í sínú bọ́ọ̀sì ní òun nìkan. Bí ó bá dé agbègbè Ìbàdàn, UCH ní ibùdó ìtọ́jú àgbà láti ọdún 2012, tí a fi orúkọ Tony Anenih pè.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni ó ní dimẹ́ńṣíà ní gbogbo ayé, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú wọn sì ń gbé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ní ọdún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè pinnu pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025, mẹ́rin-mẹ́rin ni a ó pín gbogbo wọn sí, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò sì ti ní ètò láti kọ́ àwọn ẹbí alárùn yìí àti láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 2019, àjọ náà gbé ẹ̀kọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iSupport jáde fún àwọn ẹbí. Ọdún tí wọ́n dá ti pé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò tíì kan ilẹ̀kùn wa ní Camp Johnson Road. A kò lè máa dúró dè é.

Mo bẹ ẹgbẹ́ fún ohun mẹ́rin. Ìkíní, kí a pe ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ ní ìtọ́jú ọpọlọ wá sí ìpàdé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ó kọ́ wa, kí àwa náà sì sọ ti àwọn àgbà wa fún un. Ìkejì, kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì Liberia dáadáa, tí a lè pè nígbàkígbà láti bá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkẹta, kí a kọ ìtàn àgbà kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé kan nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé: oríkì rẹ̀, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ tí ó fẹ́, ohun tí ogun ṣe fún un. Ìtàn ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí ní Ìdíkàn. Ìtàn náà ni nọ́ọ̀sì yóò fi mọ ènìyàn níbí. Ìkẹrin, kí a ṣe ètò kí ẹni tí ń tọ́jú àgbà lè ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti sinmi, kí àwọn mìíràn nínú wa jókòó ti àgbà náà.

Kí n tó dákẹ́, gbèsè kan wà lọ́rùn mi. Bàbá aláṣọ ti lọ. Gbangba ni a ti bá a wí, ìkọ̀kọ̀ ni a sì ti mọ̀ nígbẹ̀yìn pé àìsàn ni. A kò padà sí gbangba láti tún un sọ. Mo ń sọ ọ́ nínú ìwé yìí níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kà á: Bàbá kì í ṣe olójúkòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣàìsàn, àwa ni a kò mọ̀. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí orí àgbà náà má ṣe wọ́ lójú àwa ọmọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a dàgbà, kí a sì rí ẹni tí ó mọ ìtọ́jú tọ́jú wa. Àṣẹ.